Fífi APK sórí fóònù: ohun tí mo máa ń wò kí n tó tẹ "Install"

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní Play Store kọ̀ láti fún yín ní áàpù tí ẹ fẹ́, ó ní kò bá fóònù yín mu. Ọ̀rẹ́ yín kan sì ti fi APK rẹ̀, ìyẹn fáìlì tí a fi ń gbé áàpù sórí fóònù Android, ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe pé APK burú o. Fóònù ni mò ń tún ṣe ní Ìbàdàn, mo sì ń fi áàpù tí kò gba Play Store kọjá sórí fóònù oníbàárà dáadáa. Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ yẹn gan-an ni mi ò fẹ́, torí ọ̀rẹ́ yín fúnra rẹ̀ kò mọ ẹni tó ṣe é.

Gbogbo APK ló ní òǹtẹ̀ ẹni tó ṣe é nínú. Bí áàpù bá ti wà lórí fóònù, tí ẹ fẹ́ fi ẹ̀dà tuntun lé e, Android á kọ́kọ́ fi òǹtẹ̀ tuntun wé ti àtijọ́. Bí wọn ò bá bára mu, á kọ̀ jálẹ̀, á gbé "App not installed" síwájú yín. (Nígbà mìíràn ààyè tó ti kún, tàbí ẹ̀dà tó pẹ́ ju èyí tó wà nílẹ̀ lọ, ló ń fà á. Ẹ wo ìyẹn ná.) Inú máa ń bí àwọn èèyàn sí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n á wá yọ ojúlówó kúrò, wọ́n á fi ayédèrú sí i, á sì wọlé wẹ́rẹ́, torí kò sí òǹtẹ̀ kankan mọ́ tí fóònù lè fi wé e. Ẹ̀ṣọ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n fọwọ́ ara wọn lé lọ yẹn.

Ibi tí òǹtẹ̀ kò ti lè gbà yín ni ìgbà àkọ́kọ́. Áàpù tí kò sí lórí fóònù tẹ́lẹ̀, kí ni fóònù fẹ́ fi wé? Torí náà, ibi tí ẹ ti gbà á ṣe pàtàkì ju orúkọ tí wọ́n kọ sí i lára lọ. Ojúlé ẹni tó ṣe áàpù náà ni mo máa ń kọ́kọ́ lọ. Telegram, VLC àti Signal ní APK lórí ojúlé tiwọn. Signal tiẹ̀ kọ àmì òǹtẹ̀ rẹ̀ síbẹ̀ kí ẹni tó bá fẹ́ lè yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn ìyẹn ni F-Droid, ojúlé áàpù kan tó ti wà láti 2010, tí kì í gba áàpù àyàfi èyí tí gbogbo ayé lè rí kóòdù rẹ̀. Bí mo bá ń wá ẹ̀dà àtijọ́, ojúlé APKMirror ni, torí wọ́n máa ń yẹ òǹtẹ̀ wò kí wọ́n tó gbé e síta. Àwọn tí wọ́n ń pè ní "mod", áàpù tí ẹlòmíràn ti tún ṣe yàtọ̀ sí ti ẹni tó ni ín, mi ò ní fi sórí fóònù ẹnikẹ́ni, títí kan WhatsApp aláràbarà tí àwọn ọmọ wa fẹ́ràn. Kaspersky, ilé iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà, rí kòkòrò Triada nínú FMWhatsApp, ọ̀kan nínú wọn, ní 2021, kì í ṣe àhesọ.

Oníbàárà mi kan tó ń ta aṣọ ní Gbági gba APK kan lórí WhatsApp. Wọ́n ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀ fún owó ìrànwọ́. Áàpù náà gba orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀, ó wá ní kó tan Accessibility. Àwọn aláàbọ̀ ara, bíi àwọn tí ojú wọn kò ríran dáadáa, ni wọ́n ṣe Accessibility fún: áàpù tó bá ní in lè ka ohun tó wà lójú fóònù, ó sì lè máa tẹ bọ́tìnì fúnra rẹ̀. Láti Android 13 ni fóònù ti ń dí ọ̀nà yẹn mọ́ irú áàpù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn olè mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ya àwòrán ibi tí yóò tẹ̀ fún un, àmì róbótó mẹ́ta tó wà lókè, lẹ́yìn náà "Allow restricted settings", ó sì ń tẹ̀lé e lẹ́sẹẹsẹ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, owó ti jáde ní báǹkì. Nígbà tó gbé e dé ọ̀dọ̀ mi, bí a bá ti fẹ́ tẹ Uninstall, áàpù náà á gbé wa padà sẹ́yìn. Safe mode, tí fóònù fi ń tan láìjẹ́ kí áàpù tí a gbé wọlé ṣiṣẹ́, la fi mú un, a sì nu fóònù náà pátápátá. Ẹni tó bá bá ara rẹ̀ nírú ipò yìí, kó pa dátà, kó yọ SIM, kó fi fóònù ẹlòmíràn pe báǹkì kí wọ́n ti àkáùǹtì, kó tó ronú kan ẹni tí yóò tún fóònù ṣe. Òun kọ́kọ́ wá mi wá ni. Èyí tó rí gbà padà kò tó nǹkan.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ kò gùn. Ṣáájú Android 8, tó jáde ní 2017, bọ́tìnì kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo fóònù, "Unknown sources". Ní báyìí, áàpù kọ̀ọ̀kan ni ẹ ń fún láṣẹ láti gbé òmíràn wọlé. Ẹ má fún WhatsApp, ẹ má fún Chrome. Ẹ fún File manager, kí ẹ sì gbà á padà tí ẹ bá parí. Ẹni tó bá ní kí ẹ pa Play Protect, ẹ̀ṣọ́ Google tó ń yẹ áàpù wò, kí áàpù òun tó lè wọlé ti dá ara rẹ̀ hàn.

Ó wá ku ti yín. Bí Play Store bá ní áàpù kan kò bá fóònù mu, ó lè jẹ́ pé Android yín ti pẹ́, tàbí kó jẹ́ 32-bit (ètò àtijọ́, tí 64-bit ti gba ipò rẹ̀ lórí fóònù tuntun), bíi ti àwọn fóònù Android Go kan. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, APK ọ̀rẹ́ yín kò ní ṣiṣẹ́, bó ti wù kó mọ́ tó. "There was a problem parsing the package" tàbí "App not installed" ni ẹ máa rí. Ẹ wo nọ́ńbà Android yín ní About phone, kí ẹ wá ẹ̀dà tó bá a mu. Fún 32-bit, ẹ̀dà tí wọ́n kọ armeabi-v7a sí lára ni kí ẹ mú, kì í ṣe arm64-v8a tó wà fún 64-bit. Bí orúkọ fáìlì bá parí sí .apkm, kò ní ṣí ní tààrà, àfi pẹ̀lú áàpù bíi APKMirror Installer: láti August 2021 ni Play Store ti ní kí áàpù tuntun máa wá ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń gé e sí wẹ́wẹ́ fún fóònù kọ̀ọ̀kan, ìdí sì nìyẹn tí èyí tí ẹnì kan fi fóònù rẹ̀ pín fún yín fi lè ṣí kó tún kú. Tó bá jẹ́ áàpù báǹkì ni, ẹ má wá ẹ̀dà àtijọ́ rárá; ẹ lo USSD tàbí ojúlé báǹkì náà.

Áàpù wo gan-an ni, Android yín sì jẹ́ mélòó? Ẹ kọ ọ́ síbí, mà á bá yín wò ó.