Emergency mode nítorí fstab: ẹ má fọ́ọ̀mátì nǹkan kan o

Ẹ kú wàhálà ẹ̀rọ o. Bí mo ṣe lóye ọ̀rọ̀ yín, ẹ so dísìkì kejì mọ́ kọ̀ǹpútà Linux yín, ẹ fi ìlà kan kún /etc/fstab (fáìlì tó ń sọ àwọn dísìkì tí Linux máa ṣí bó bá ń tàn) kí dísìkì náà lè máa ṣí fúnra rẹ̀, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ tún un tàn, ló bá kọ “You are in emergency mode” (ipò pàjáwìrì), kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Ẹ wá ń béèrè bóyá /dev/sdb1 (orúkọ tí Linux fún dísìkì náà) ló yẹ kí ẹ kọ sínú ìlà yẹn àbí UUID (nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀), àti bóyá òótọ́ ni pé àfi kí ẹ tún Linux fi sórí ẹ̀rọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.

Irọ́ gbuu ni èyí tó kẹ́yìn yẹn. Àwọn tí a ń pè ní ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí, gbólóhùn méjì péré ló máa ń wà lẹ́nu wọn: “tún un fi sórí” àti “lọ ka ìwé”. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ò ṣí, ibo ló ti fẹ́ ka ìwé ọ̀hún? Bí wọ́n bá tún ní kí ẹ tẹ fsck -y (àṣẹ tó ń yẹ dísìkì wò, tó sì ń tún un ṣe), ẹ kọtí ikún. Bí ẹ bá ṣe fsck sórí dísìkì tó ti ṣí sílẹ̀ tí ẹ̀rọ ń kọ nǹkan sí, ó lè ba èyí tí kò bàjẹ́ jẹ́.

Dísìkì tí Linux wà lórí rẹ̀ ò ṣàìsàn rárá. systemd, ètò tó ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo iṣẹ́ nígbà tí Linux bá ń tàn, ka fstab, ó rí ìlà tuntun yín, ó sì gbà pé dandan ni kí dísìkì yẹn ṣí kí òun tó lè tẹ̀ síwájú, nítorí pé gbogbo ìlà inú fstab ló ń kà sí dandan àfi èyí tí ẹ bá kọ nofail (bí kò bá ṣí, máa lọ) tàbí noauto (má ṣí i fúnra rẹ) sí. Ó dúró dè é fún ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀. Òun ni “A start job is running for...” tí ẹ rí pẹ̀lú 1min 30s níwájú rẹ̀. Dísìkì ò yọjú, local-fs.target (ìpele tí gbogbo dísìkì gbọ́dọ̀ ti ṣí) kùnà, ó bá gbé yín lọ sí emergency mode. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tó ń dá èèyàn lóró ló kàn. Emergency mode ní kí ẹ fi páásíwọ́ọ̀dù root (alábòójútó àgbà ẹ̀rọ) wọlé, àmọ́ Ubuntu àti àwọn mìíràn bíi tirẹ̀ kì í fún root ní páásíwọ́ọ̀dù, sudo (àṣẹ tó ń yá èèyàn ní agbára root) ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà ohun tí ẹ máa rí ni “Cannot open access to console, the root account is locked.” Ẹ tẹ Enter, ó tún gbìyànjú láti tẹ̀ síwájú, ó tún kùnà, ó tún dá yín padà síbi kan náà. Ẹ lè tẹ Enter di ọ̀la, ibẹ̀ náà lẹ máa wà. Ta ló ronú irú èyí? Wọ́n ṣe yàrá ìtọ́jú, wọ́n tì í pa, wọn ò dá kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Inú GRUB ni ẹ máa gbà wọlé, ìyẹn ètò tó ń gbé Linux dìde, tó sì ní àkójọ tí ẹ ti lè yan èyí tí ẹ fẹ́.

Kí GRUB tó fara hàn: bí ẹ̀rọ yín bá ń lo BIOS àtijọ́ (ètò inú ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ ṣáájú Linux), ẹ di Shift mú látìgbà tí ẹ bá ti tàn án. Bó bá jẹ́ UEFI, èyí tó rọ́pò BIOS, Esc ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, bí àmì ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà bá ti ń lọ. Bí ẹ bá tẹ Esc lẹ́ẹ̀mejì, ẹ máa já sí “grub>” láìsí àkójọ kankan. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ kọ normal síbẹ̀, ẹ tẹ Enter, kí ẹ sì yára tẹ Esc lẹ́ẹ̀kan.

Bí àkójọ bá ti jáde, ẹ gbé ìtanná sórí èyí àkọ́kọ́, ẹ tẹ lẹ́tà e. Ẹ wá ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà linux, tí vmlinuz wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe ti initrd o. Ìlà náà gùn, ó máa ń ká bọ̀ sísàlẹ̀ pẹ̀lú àmì \ ní ìparí ojú ẹ̀rọ. Ìlà kan ṣoṣo ni, ẹ má pa àmì yẹn rẹ́, ẹ má sì tẹ Enter láàárín rẹ̀. Ẹ yọ quiet àti splash kúrò kí ẹ lè máa rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí òpin ìlà náà, ẹ fi àlàfo kan sílẹ̀, ẹ kọ:

systemd.setenv=SYSTEMD_SULOGIN_FORCE=1

Ẹ tẹ Ctrl+X tàbí F10. Ó tún máa dúró fún 1min 30s yẹn, ẹ ní sùúrù, emergency mode yóò sì jẹ́ kí ẹ wọlé gẹ́gẹ́ bíi root láìbéèrè páásíwọ́ọ̀dù. Ohun tí ẹ kọ sí GRUB yìí kò ní dúró, bí ẹ bá tún ẹ̀rọ tàn yóò ti lọ.

Bí systemd tiyín bá ti pẹ́ jù tí kò mọ èyí, ọ̀nà àtijọ́ ṣì wà. Nínú ìlà linux kan náà, ẹ yí ro padà sí rw, kí ẹ kọ init=/bin/bash sí òpin rẹ̀. Èyí ò ní dúró de dísìkì kankan, nítorí systemd ò tiẹ̀ ní bẹ̀rẹ̀. Ìdí kan náà ni systemctl ò fi ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tí reboot lásán náà ò sì ní ṣiṣẹ́. Ẹ má kọ exit láéláé: bash ni init (ètò àkọ́kọ́ tí gbogbo yòókù dúró lé) báyìí, bó bá kú, kernel (ọkàn Linux fúnra rẹ̀) á kú tẹ̀ lé e pẹ̀lú “Attempted to kill init!”. Bí ẹ bá ṣe tán, ohun tí ẹ máa kọ ni:

sync
mount -o remount,ro /
reboot -f

Ẹ ṣọ́ra fún kíbọ́ọ̀dù. GRUB ka gbogbo kíbọ́ọ̀dù sí ti Amẹ́ríkà. Ẹni tó ń lo ti Jámánì, bọ́tìnì tó wà fún - ló máa fún un ní /, èyí tó wà lápá ọ̀tún ß ló máa fún un ní =, Y àti Z sì ti pààrọ̀ ipò. Ẹ máa wo ohun tó jáde lójú ẹ̀rọ, ẹ má wo orí bọ́tìnì.

Bí ẹ bá ti wọlé:

mount -o remount,rw /
cp /etc/fstab /etc/fstab.bak
nano /etc/fstab

Ti àkọ́kọ́ ló ń jẹ́ kí ẹ lè kọ nǹkan sórí dísìkì Linux. Bí ẹ bá fò ó nígbà tí dísìkì náà ṣì wà fún kíkà nìkan, cp á kùnà, nano náà ò sì ní lè fi nǹkan pamọ́, “Read-only file system” ni wọ́n máa sọ. Ẹ fi # síwájú ìlà tuntun yẹn, ẹ fi pamọ́, ẹ tún ẹ̀rọ tàn. Ó máa ṣí. Lórí Fedora àti àwọn ẹbí rẹ̀ tó ń lo SELinux (ètò ààbò kan), bó bá jẹ́ pé init=/bin/bash ni ẹ gbà wọlé, ẹ kọ touch /.autorelabel kí ẹ tó jáde. Ìgbà tí ẹ bá tún tàn án yóò pẹ́ díẹ̀, á sì tún ara rẹ̀ tàn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹni tó bá ní fíláàṣì USB tí Linux wà lórí rẹ̀ lè gba ibẹ̀: ẹ ṣí dísìkì ńlá náà sí /mnt, ẹ tún /mnt/etc/fstab ṣe, ó parí. Ẹ ò nílò chroot (wíwọ inú Linux tó wà lórí dísìkì yẹn). Bí LUKS (ohun tó ń fi páásíwọ́ọ̀dù ti dísìkì pa) bá wà lórí rẹ̀, cryptsetup open ló ṣáájú.

Ẹ sì rí i báyìí pé ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kan ẹ̀rọ yín lè di root láìsí páásíwọ́ọ̀dù. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá ń kọ lóminú, LUKS ni kó lò.

Ó yá, ìlà fstab fúnra rẹ̀. UUID ni kí ẹ kọ. Orúkọ bíi sdb, bí kernel bá ṣe rí dísìkì ló ń pín in. Ẹ fi fíláàṣì kan síbẹ̀ báyìí, èyí tó jẹ́ sdb lánàá lè di sdc. Ẹ kọ lsblk -f, ẹ mú UUID ibẹ̀. Ẹni tó bá lo blkid yóò rí PARTUUID náà, ti ìpín dísìkì nìyẹn, ó yàtọ̀, ẹ má fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Bí ẹ bá sì fọ́ọ̀mátì dísìkì náà lẹ́ẹ̀kan sí i, UUID yóò yí padà, ti àtijọ́ á wá di òkú nínú fstab.

UUID=eyi-ti-e-ri /mnt/data ext4 defaults,nofail,x-systemd.device-timeout=10s 0 2

Ẹ má fi àlàfo sí ẹ̀yìn kọ́mà o! Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú nìyẹn. Àlàfo ni fstab fi ń pín ìlà sí ọ̀nà mẹ́fà, bí ẹ bá kọ “defaults, nofail”, nofail ti bọ́ sí ipò karùn-ún, kò sí ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Bí orúkọ fọ́ldà bá ní àlàfo nínú, \040 ni kí ẹ kọ dípò rẹ̀. Nọ́ńbà tó kẹ́yìn ló ń sọ ipò tí fsck máa yẹ dísìkì wò: 1 fún dísìkì Linux fúnra rẹ̀, 2 fún ext4 mìíràn, 0 fún xfs, btrfs àti NTFS (oríṣi fọ́ọ̀mátì dísìkì ni gbogbo wọn).

nofail dára, àmọ́ kì í ṣe ohun tí a ń wọ́n kiri. Ẹ má fi sí /home, nítorí lọ́jọ́ tí dísìkì bá kọ̀, ẹ máa wọlé bá ilé òfìfo. Fún /mnt/data pàápàá ewu kan wà: bí dísìkì ò bá ṣí, fọ́ldà òfìfo ṣì wà níbẹ̀, ètò tó ń kọ nǹkan síbẹ̀ lóru kò mọ̀, á máa dà á sórí dísìkì Linux títí yóò fi kún. Ẹ ṣe sudo chattr +i /mnt/data (kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ nǹkan sínú fọ́ldà náà) nígbà tí dísìkì ò tíì ṣí sórí rẹ̀, ètò yẹn á rí àṣìṣe, ẹ̀yin náà á sì tètè mọ̀.

Kí ẹ tó tún ẹ̀rọ tàn:

sudo findmnt --verify
sudo systemctl daemon-reload
sudo mount -a

daemon-reload, èyí tó ń mú kí systemd tún fstab kà, ni wọ́n sábà máa ń fò. Bí systemd bá ṣì rántí ìlà àtijọ́ tí UUID rẹ̀ ti kú, ó lè ti dísìkì náà padà lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá ṣí i, láìsọ nǹkan kan fún yín, ẹ ó sì máa rò pé dísìkì ló bàjẹ́. Tí mount -a bá ní kò sí fọ́ldà, ẹ fi mkdir dá a sílẹ̀. Systemd máa ń dá a sílẹ̀ fúnra rẹ̀, mount -a kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé NTFS ni dísìkì kejì yẹn, tó sì ti wà lábẹ́ Windows rí, Fast Startup (ọgbọ́n tí Windows fi ń yára tàn) ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Windows kì í pa dísìkì tán pátápátá, Linux á wá kọ̀ láti ṣí i, tàbí kó ṣí i fún kíkà nìkan. Ẹ wọ Windows, ẹ kọ powercfg /h off gẹ́gẹ́ bí alábòójútó, kí ẹ sì pa á dáadáa.

Bí ẹ̀rọ bá wá ń ṣí ṣùgbọ́n tó ń dúró ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá níbẹ̀rẹ̀, tó ń sọ “Gave up waiting for suspend/resume device”, kì í ṣe fstab mọ́. Ẹ ti fọwọ́ kan swap (apá dísìkì tí Linux ń lò bí mẹ́mọ́rì) nígbà tí ẹ ń pín dísìkì. Lórí Debian àti Ubuntu, ẹ wo /etc/initramfs-tools/conf.d/resume, ẹ fi UUID swap tuntun síbẹ̀ tàbí kí ẹ kọ RESUME=none, lẹ́yìn náà sudo update-initramfs -u.

Bó bá ṣì kọ̀, ẹ kọ ohun tí lsblk -f, cat /etc/fstab àti journalctl -b -p err gbé jáde síbí. Ọ̀rọ̀ gidi ni kí ẹ kọ, ẹ má ya fọ́tò ojú ẹ̀rọ, UUID kì í ṣeé kà nínú rẹ̀.