Àtúnṣe ìdí ọkọ̀ ojú omi oní-fáíbà tó là

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ilé-Ifẹ̀ ni mò ń gbé. Èmi àti àbúrò mi ní ọkọ̀ fáíbà kékeré kan tí a fi ń dẹ àwọ̀n lórí adágún Ọ̀pá. Ó forí sọ kùkùté kan lábẹ́ omi, ìdí rẹ̀ sì là. Panẹ́ẹ̀bítà kan bá wa fi fílà mọ́tò dí i, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí omi tún fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Báwo ni kí a ṣe tún un ṣe tí yóò fi dúró?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu o. Fílà mọ́tò kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, bí ó ti wù kí ọwọ́ ẹni tó fi í dára tó. Ó wà fún ibi tí ara mọ́tò ti tẹ̀ wọnú. Kò ní òwú fáíbà nínú, ó sì máa ń fa omi. Òwú fáíbà ló já ní ìdí ọkọ̀ yín, òwú fáíbà tuntun nìkan ló sì lè gba ipò rẹ̀.

Ẹ gbé ọkọ̀ náà sórí igi, kí ẹ fi owó ẹyọ lu gbogbo àyíká ibi tó là. Ibi tó bá dún ganran ṣì le. Ibi tí ìró rẹ̀ bá kú ni ìpele fáíbà ti ya kúrò lára ara wọn, bí ojú kò tilẹ̀ rí nǹkan kan. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, nítorí ó sábà máa ń fẹ̀ ju ibi tí ẹ rí lọ.

Ọ̀rọ̀ gbígbẹ ni mo fẹ́ kí ẹ fi sùúrù gbọ́, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àtúnṣe ti ń bàjẹ́. Omi máa ń fara pamọ́ sáàárín ìpele fáíbà, résìn, ìyẹn oje tó ń lẹ òwú fáíbà pọ̀ tó sì ń le, kì í sì í lẹ̀ mọ́ ohun tó tutù. Bí ẹ bá lè dúró de ọyẹ́, ó dára jù. Bí ó bá jẹ́ àsìkò òjò, abẹ́ òrùlé ni kí ọkọ̀ wà fún ọjọ́ púpọ̀. Ẹ fi ọ̀rá tó mọ́ gaara lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ mọ́jú: bí ìrì bá sẹ̀ sínú ọ̀rá náà, kò tíì gbẹ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi gíráíńdà yọ gbogbo fílà àti fáíbà tó ti kú láti inú ọkọ̀, kí ẹ sì fá etí ihò náà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ títí yóò fi fẹ̀ tó ìlọ́po 12 nínípọn ara ọkọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ara ọkọ̀ tó nípọn ní mìlímítà 5 ń fẹ́ mìlímítà 60. Àyà ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń já níbí, wọ́n á fá díẹ̀ péré. Ṣùgbọ́n résìn tuntun kì í yòrò mọ́ ti àtijọ́, ńṣe ló kàn ń lẹ̀ mọ́ ọn, ìdí nìyí tí ibi tí yóò lẹ̀ mọ́ fi gbọ́dọ̀ fẹ̀. Ẹ lo ìbomú, nítorí eruku fáíbà ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Bí accelerator (èyí tó ń mú kí résìn tètè le) àti catalyst (èyí tó ń mú kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í le) bá wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ má ṣe da àwọn méjèèjì pọ̀ láé, wọ́n lè gbiná lójú ẹsẹ̀. Accelerator ni kí ẹ kọ́kọ́ pò mọ́ résìn dáadáa, kí catalyst tó wọ̀ ọ́. Gírámù 5 sí 10 catalyst tó fún gírámù 500 résìn. Nínú ooru ọ̀sán, ẹ má kọjá 5. Bí catalyst bá ta sí ojú, ẹ fi omi púpọ̀ fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ, torí ó lè fọ́ni lójú.

Ẹ fi pákó tí ẹ fi ọ̀rá wé ti ihò náà láti ìta. Ẹ fi acetone (omi tó ń nu ìdọ̀tí àti epo kúrò) nu ibi tí ẹ fá, ẹ fi résìn kùn ún, kí ẹ wá tẹ́ mat fáíbà (òwú fáíbà tí a ṣe bí ẹní) tí ẹ fi résìn rin, èyí tó fẹ̀ jù lọ ni kí ó ṣáájú. Mat oní-gírámù 450 (ìwọ̀n mítà kan níbùú lóròó) máa ń nípọn tó mìlímítà 1, nítorí náà ìpele 5 yóò tó fún ara ọkọ̀ tó nípọn ní mìlímítà 5. Ẹ fi rólà lé afẹ́fẹ́ jáde, ẹ má sì tẹ́ ju mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí résìn máa ń gbóná bí ó ti ń le, ooru àpọ̀jù a sì sán an.

Ní ìta, ẹ fi sáńpépà ha á, ẹ fi gelcoat (résìn tí a fi ń kun ojú ọkọ̀ bí ọ̀dà) bò ó, kí ẹ sì fi ọ̀rá bo gelcoat náà títí yóò fi le. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó kan omi. Àmọ́ bí lílà náà bá dé ibi tí ẹ so ẹ́ńjìnnì mọ́, tí pákó inú rẹ̀ sì ti jẹrà, ẹ má dá iṣẹ́ yẹn ṣe. Ẹ wá ẹni tó ń kan ọkọ̀ fáíbà.