Báàjì Apá Sójà: Ẹ Yí I Sẹ́yìn Wò Kí Ẹ Tó Pè É Ní Àṣìṣe

Oṣù tó kọjá la sọ̀rọ̀ báàjì aláṣọ, èyí tí àwọn sójà àtijọ́ máa ń rán mọ́ èjìká aṣọ wọn, lẹ́tà sì ti ń wọlé látìgbà yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ló ń bèèrè nǹkan kan náà: tèmi ò jọ tàwọn yòókù, ṣé àwọn tó ṣe é ló ṣàṣìṣe ni, ṣé ó wá níye lórí ju tàwọn yòókù lọ nìyẹn? Mo mú márùn-ún jáde níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan-an torí mo ti rí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n kó owó gidi lé nǹkan tí kì í ṣe àṣìṣe rárá, tí inú wọn sì bàjẹ́ débi pé wọn ò kó báàjì mọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra báàjì 101st Airborne, ìyẹn àwọn sójà Amẹ́ríkà tó ń já sílẹ̀ látinú bàálù, èyí tó ní orí ẹyẹ idì funfun, ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀ ṣùgbọ́n kò sí ahọ́n pupa níbẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi ní òwú ló já lẹ́nu máṣíìnì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìyẹn ló fi gbówó lé e. Ṣé òótọ́ ló sọ?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ó lè jẹ́ òótọ́, ó sì lè jẹ́ pé abẹ ni wọ́n fi tú ahọ́n yẹn jáde. Jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Máṣíìnì tí wọ́n ń pè ní Schiffli ló ṣe púpọ̀ nínú báàjì Amẹ́ríkà ìgbà yẹn. Isaak Gröbli, ará Switzerland, ló gbé e jáde ní 1863, orúkọ ẹ̀ sì túmọ̀ sí ọkọ̀ ojú omi kékeré torí nǹkan tó ń gbé òwú ẹ̀yìn nínú ẹ̀ rí bí ọkọ̀. Kì í ṣe irú máṣíìnì mọ́nógíráàmù tí télọ̀ kan ń jókòó tì o, ó gùn gbọọrọ, wọ́n á ta odindi aṣọ sójú ẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún abẹ́rẹ́ á máa gún un lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn á máa tẹ̀ lé àwòrán kan ṣoṣo, tó bá parí wọ́n á wá gé báàjì kọ̀ọ̀kan kúrò lára aṣọ. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Tí àwòrán fúnra ẹ̀ bá ní àléébù, gbogbo báàjì tó wà lórí aṣọ yẹn ló máa ní in, kò lè jẹ́ ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ òwú abẹ́rẹ́ kan ló já, báàjì kan péré ló máa kàn, àwọn tó kù á pé pérépéré. Àwọn òṣìṣẹ́ kan sì wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n máa wá ibi tí òwú ti já kí wọ́n sì rán an padà, ìdí nìyẹn tí èyí tó bọ́ mọ́ wọn lójú ò fi pọ̀.

Wàyí o, yí báàjì ẹ sẹ́yìn, kó o gbé e sábẹ́ gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi. Tí òwú bá já, abẹ́rẹ́ ò ní dúró, á ṣì máa gún aṣọ lọ ni, torí náà wàá rí ihò wínníwínní níbi tó yẹ kí ahọ́n wà. Àmọ́ ihò nìkan ò tó, torí ẹni tó bá fi abẹ tú òwú náà máa fi ihò sílẹ̀. Àwọ̀ aṣọ tó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ ni kó o wò dáadáa. Aṣọ tí òwú ò bò látọjọ́ tí wọ́n ti ṣe báàjì, oòrùn àti òógùn àti eruku ti bá a fínra fún ọgọ́rin ọdún, ó gbọ́dọ̀ ti ṣá bíi ti etí báàjì níbi tí aṣọ ti yọ síta. Èyí tí òwú ń bò látọjọ́ yìí wá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú, á mọ́ bí aṣọ tuntun. Ẹnì kan gbé irú ẹ̀ wá bá mi rí, ojú ẹyẹ ni wọ́n tú nínú tiẹ̀, òun náà ò mọ̀, rírà ló rà á. Aṣọ tó wà níbi ojú yẹn ṣì dúdú kirikiri nígbà tí etí báàjì ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, òwú bọ́bìn tó kù lẹ́yìn sì gé gẹ́rẹ́ lẹ́nu. Òwú tó já fúnra ẹ̀ kì í rí bẹ́ẹ̀ o, ńṣe ni ẹnu ẹ̀ máa ń fẹ́ bí irun, tí á tín-ín-rín lọ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó gé gẹ́rẹ́ yẹn, irin ló gé e.

Kí n má gbàgbé, tó o bá rí èyí tí ahọ́n ẹ̀ funfun dípò pupa, má pe ìyẹn láṣìṣe. Oríṣi kan ni, bí wọ́n ṣe yàn láti ṣe é nìyẹn, àwọn alákòójọ sì mọ̀ ọ́n dáadáa.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ ǹlẹ́ o, sà. Báàjì méjì ló wà lọ́wọ́ mi, ti àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì tó ń já sílẹ̀ látinú bàálù, ẹṣin abìyẹ́ tí ọkùnrin kan gùn pẹ̀lú ọ̀kọ̀ lọ́wọ́. Ọ̀kan kọjú sọ́tùn-ún, ìkejì kọjú sósì. Èwo ni wọ́n ṣe sódì níbẹ̀?

ÌDÁHÙN: Kò sí èyí tó sódì, méjèèjì ló jọ ń rìn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Apá méjèèjì ni wọ́n máa ń rán an mọ́, ẹṣin yẹn sì gbọ́dọ̀ kọjú síwájú ní apá ọ̀tún, kó kọjú síwájú ní apá òsì, kó má dà bí ẹni tó ń sá fógun, ni wọ́n ṣe ṣe é ní méjì méjì. Pegasus lorúkọ ẹṣin náà, Bellerophon ló gùn ún, inú ìtàn àtijọ́ àwọn Gíríìkì ni wọ́n ti mú wọn wá, Edward Seago tó jẹ́ ayàwòrán ló sì ya báàjì yẹn ní 1942. Báàjì Gẹ̀ẹ́sì tó ní ẹranko nínú, ẹ máa kọ́kọ́ bèèrè ìkejì ẹ̀ ná.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tún máa ń tẹ báàjì sórí aṣọ nígbà ogun yẹn dípò kí wọ́n fi òwú ṣe é, torí wọ́n ń ṣọ́ nǹkan lò. Nínú èyí tí wọ́n tẹ̀, àṣìṣe gidi tí ẹ máa rí ni pé àwọ̀ kan sún kúrò lórí ìkejì, ẹ máa rí ìlà tín-ín-rín tí àwọ̀ ò kàn ní ẹ̀gbẹ́ kan, ní ẹ̀gbẹ́ kejì àwọ̀ méjì á gun ara wọn, aṣọ ló yẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó tẹ èkejì. Ìyẹn dáa láti kó jọ. Àwọn sójà Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tó lọ jagun ní Burma náà ní tiwọn, alántakùn dúdú nínú òbírí yẹ́lò ni ti 81st Division, ìyẹn ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá kan nínú wọn, Ànáǹsè inú àlọ́ àwọn Ashanti ni, 82nd sì lo ọ̀kọ̀ méjì tó gba inú òṣùká alárù kọjá. Èyí tó ní òṣùká yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo báàjì ogun náà, torí orí làwọn alárù fi ru ẹrù ogun kọjá nínú igbó tí mọ́tò ò lè wọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán, mà tàbí sà. Báàjì àwọn oní-táǹkì Amẹ́ríkà, onígun mẹ́ta, mo mọ̀ pé yẹ́lò, búlúù àti pupa ló yẹ kó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n pupa tèmi jọ àwọ̀ ọsàn. Ṣé òwú mìíràn ni wọ́n ṣì mú?

ÌDÁHÙN: Ẹ yí i padà. Ara apá aṣọ ni ẹ̀yìn báàjì máa ń lẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó tú u, oòrùn kì í dé ibẹ̀. Tí ẹ̀yìn bá pupa dáadáa tí iwájú wá jọ ọsàn, ó ti ṣá ni, kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Tí iwájú àtẹ̀yìn bá jọra, ó lè jẹ́ pé bí ilé iṣẹ́ yẹn ṣe pa òwú wọn láró nìyẹn, torí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é pọ̀, àwọ̀ wọn ò sì bára dọ́gba. Àṣìṣe òwú tó dájú ni kí àwọ̀ kan wà níbi tí òmíràn yẹ kó wà, bíi kí búlúù bọ́ sí ìdí pupa. Ìyẹn ò sì ní ṣòro láti mọ̀, torí àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ìtumọ̀: yẹ́lò fún àwọn ẹlẹ́ṣin, búlúù fún àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn, pupa fún àwọn oníbọn ńlá.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá mi, wọ́n fẹ́ ta báàjì ìgbà ogun Vietnam fún mi, wọ́n kọ AIRBORN sára ẹ̀, kò sí E ìparí. Ẹni tó ń tà á ní àṣìṣe yẹn gan-an ló fi hàn pé ojúlówó ni. Kí lẹ rí sí i?

ÌDÁHÙN: Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ rárá. Òótọ́ ni pé àwọn télọ̀ ní Vietnam lọ́hùn-ún ṣe báàjì púpọ̀ fún àwọn sójà Amẹ́ríkà, máṣíìnì ìránṣọ ni wọ́n fi ń ṣe é, ọwọ́ ni wọ́n fi ń darí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì ka èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ò bá sì ka èdè kan, àwòrán lásán ni lẹ́tà ẹ̀ jẹ́ lójú ẹ̀, ó rọrùn kí ọ̀kan bọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe ayédèrú náà mọ ìtàn yìí, wọ́n mọ̀ pé àwọn èèyàn fẹ́ràn àṣìṣe, ni wọ́n bá ń mọ̀ọ́mọ̀ yọ lẹ́tà kan kúrò. Lẹ́tà tó sọnù ò sọ ọjọ́ orí báàjì fún wa. Òwú, aṣọ àti ẹ̀yìn ẹ̀ ló ń sọ ọ́.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe darí òwú. Tó bá jẹ́ ọwọ́ èèyàn ló darí ẹ̀, ìrísí ẹ̀ á máa yí, lẹ́tà R méjèèjì tó wà nínú ọ̀rọ̀ kan náà ò ní rí bákan náà. Kọ̀ǹpútà ló máa ń jẹ́ kí wọ́n rí bákan náà gẹ́lẹ́, tí gbogbo òwú á tò bíi pé wọ́n fi rúlà fà á. Tí ẹ̀yìn bá sì ní rọ́bà tó ń dán, irú èyí tí wọ́n ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ aṣọ, ẹ dá a padà fún un. Etí náà ń sọ̀rọ̀: àwọn báàjì Amẹ́ríkà ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì, gígé ni wọ́n gé etí wọn, èyí tó nípọn tí wọ́n wíìfù yí ká, tí a mọ̀ sí Merrow, láàárín 1960 sí 1970 ló wá wọ́pọ̀. Ẹni tó bá gbé èyí tó ní irú etí bẹ́ẹ̀ wá tó ní 1944 ni, ẹ má dá a lóhùn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ní kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì UV sí i, irú èyí tí wọ́n fi ń yẹ owó wò, pé tó bá ti ń tàn, tuntun ni. Fún báàjì 1940 sí 1945 ìyẹn wúlò, torí kọ́tìnì ìgbà yẹn kì í tàn, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, ọṣẹ ìfọṣọ òde òní ní nǹkan tó ń mú aṣọ tàn nínú, báàjì ojúlówó tí ẹnì kan fi irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀ fọ̀ máa tàn látòkè délẹ̀, aṣọ àtòwú. Tó bá jẹ́ òwú nìkan ló ń tàn tí aṣọ ò tàn, ìyẹn ló yẹ kó kọ yín lóminú. Fún ti Vietnam ní tiẹ̀, UV ò lè parí ẹjọ́, torí òwú pọ́líẹ́sítà ti wà nígbà yẹn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ bá mi wò ó, ẹ̀gbọ́n. Ejò paramọ́lẹ̀ ló wà lórí báàjì kan tí mo jogún, wọ́n ní ti 59th Infantry Division Amẹ́ríkà ni, ṣùgbọ́n gbogbo ìwé ìtàn tí mo yẹ̀ wò, mi ò rí ibi tí wọ́n ti jagun Àgbáyé Kejì. Ṣé nọ́ńbà ni wọ́n ṣì kọ?

ÌDÁHÙN: Wọn ò ṣì kọ ọ́, ẹ sì ní nǹkan tó dáa lọ́wọ́. Ní 1944, nígbà ogun Normandy ní ilẹ̀ Faransé, Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kí àwọn Jámánì gbà pé Pas-de-Calais, etíkun Faransé mìíràn, ni wọ́n máa gbà wọlé, ni wọ́n bá dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun sílẹ̀ lórí ìwé, wọ́n ní Patton, ọ̀gágun Amẹ́ríkà, ni ọ̀gá wọn, wọ́n fún àwọn division tí kò sí níbì kankan ní nọ́ńbà, wọ́n sì ṣe báàjì fún wọn. 59th wà nínú wọn. Torí náà báàjì pé, àwọn sójà tó yẹ kó wọ̀ ọ́ ni kò sí.

Ohun tó kù ni kí ẹ mọ̀ bóyá ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n ṣe tiyín, torí wọ́n ti ṣe àdàkọ ẹ̀ lẹ́yìn ogun. Ẹ wo etí ẹ̀, kó jẹ́ gígé. Ẹ tan UV sí i. Ẹ wo òwú ẹ̀yìn. Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, gọ́ọ̀mù máa bo ẹ̀yìn yẹn mọ́lẹ̀, ẹ ò sì ní lè yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Tí ẹ bá ti ya ẹ̀yìn ẹ̀ dáadáa ní fọ́tò, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé kí òwú lè hàn, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa, màá bá yín wò ó.