Eléwé ọmọ ní fásitì ti yẹ̀ ẹ́ wò

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Kókó kan yọ sí màmá mi lọ́mú, dókítà ní ká wá kí wọ́n mú díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò, màmá ní àwọn ò jẹ́ kí ọ̀bẹ kan àwọn. Eléwé ọmọ kan ní Ìtòkú wá ta ewúro àti egbò kan fún wa, ó ní fásitì ti yẹ̀ ẹ́ wò pé ó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, ó tiẹ̀ fi hàn wá lórí fóònù ẹ̀. Ṣé irọ́ ni? (Ọmọ Aké, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ti ewúro yẹn kì í ṣe irọ́, wàhálà tó wà níbẹ̀ gan-an nìyẹn. Wọ́n ti fi omi ewúro pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọmú ní lábù lóòótọ́. Àmọ́ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á sá ewé gbẹ, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú ọtí tàbí omi, wọ́n á wá fa oje ẹ̀ gbẹ. Àwo kan wà tó rí bí ọpọ́n ayò, àmọ́ kàkà kó ní ihò 12, 96 ló ní, kékeré kékeré. Sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń dà sínú ìyẹn, àwọn míì nínú ẹ̀ wá láti ara obìnrin Amẹ́ríkà kan, Henrietta Lacks, tó kú ní 1951, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ ṣì ń bí sí i títí dòní. Wọ́n á kán oje ewé sí i, ó di bí ọjọ́ méjì mẹ́ta, wọ́n á kán nǹkan yẹ́lò kan sí i, ihò tí sẹ́ẹ̀lì bá ti wà láàyè á di pọ́pù, èyí tó kú á wà ní yẹ́lò ẹ̀.

Ṣé o rí i, iyọ̀ tó bá pọ̀ máa pa á, ọṣẹ náà máa pa á! Ohun tí wọ́n ń wá ni èyí tí ìba díẹ̀ ẹ̀ máa pa jẹjẹrẹ tí kò ní pa sẹ́ẹ̀lì gidi mọ́ ọn. Nǹkan téèyàn bá sì mu, ikùn àti ẹ̀dọ̀ á kọ́kọ́ bá a wí kó tó dénú ẹ̀jẹ̀.

Mi ò fojú di ewé o. Òdòdó periwinkle, aláwọ̀ pínǹkì àti funfun tí wọ́n ń gbìn síwájú ilé yẹn, àtọ̀gbẹ ni Robert Noble àti Charles Beer ń tìtorí ẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò ní Kánádà láwọn ọdún 1950, wọ́n wá rí i pé sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ eku ń dínkù. Inú òdòdó yẹn náà la ti rí vincristine, oògùn tí wọ́n ń fún ọmọdé tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n májèlé ni, wọ́n ń wọ̀n ọ́n ni kó tó wọ iṣan, ẹnì kankan má lọ se òdòdó yẹn mu jàre! Taxol náà, oògùn jẹjẹrẹ míì, èèpo igi ni wọ́n ti rí i, 1962 ni wọ́n ká a, 1992 ni wọ́n tó fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà.

Sọ fún màmá pé abẹ́rẹ́ ni wọ́n sábà máa ń lò fún àyẹ̀wò yẹn, kì í ṣe ọ̀bẹ, àti pé ọ̀pọ̀ kókó ọmú kì í ṣe jẹjẹrẹ rárá, àmọ́ ojú lásán ò lè mọ̀ ọ́n. Ẹ lọ lọ́sẹ̀ yìí. Ewúro inú ọbẹ̀, kí wọ́n máa jẹ ẹ́. Egbò yẹn ni mi ò mọ̀, o ò dárúkọ ẹ̀, kí màmá má tíì mu ún, dì í sínú ọ̀rá kóo gbé e dání lọ fi han dókítà.