Bíréèkì ẹ́ńjìnnì kò di ẹrù mi mú mọ́ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí mo bá gbé ẹrù tí mo ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, mo máa ń tan bíréèkì ẹ́ńjìnnì, síbẹ̀ eré tírélà kàn ń pọ̀ sí i ni, àfi kí n tẹ bíréèkì ẹsẹ̀ títí tí á fi máa rùn. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ wo jíà yín kí ẹ tó pe mẹkáníìkì.

Tí ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, epo kì í wọ ẹ́ńjìnnì mọ́. Táyà ló ń yí i. Písítìn ń gòkè, ó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, agbára ọkọ̀ ló sì ń ná sí i. Afẹ́fẹ́ yẹn ì bá ti písítìn padà sísàlẹ̀, kó dá agbára náà padà. Ṣùgbọ́n bó bá ku díẹ̀ kí písítìn dókè, bíréèkì yìí á ṣí fáàfù èéfín, afẹ́fẹ́ á tú jáde, agbára á bá a lọ. Ohun tó ń mú un pariwo nìyẹn.

Nítorí náà, bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń yí kíákíá tó ni bíréèkì náà ṣe ń lágbára tó. Bó bá ń yí nígbà 1,200 ní ìṣẹ́jú kan, kò lè di ẹrù wíwúwo mú. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ńlá, ó di bíi 2,000 kó tó mú dáadáa. Ẹ má kọjá ibi pupa lórí aago tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì o. Ẹ já sí jíà kékeré kí òkè tó bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá dúró dé àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí jíà kọ̀ tí kò wọlé, ọkọ̀ ti wà ní fíríì nìyẹn, bíréèkì ẹ́ńjìnnì ò sì sí mọ́.

Tí jíà bá dára tí bíréèkì ẹ́ńjìnnì kò sì mú, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ súìṣì abẹ́ kílọ́ọ̀ṣì àti ti tọ́tù wò, àti àlàfo fáàfù. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló ń ṣí fáàfù náà. Bó bá tutù tàbí tó lọ sílẹ̀, kò ní ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ.

Bíréèkì ẹsẹ̀ yẹn ń dẹ́rù bà mí jù. Dúrọ́ọ̀mù, irin róbótó tó ń yí pẹ̀lú táyà, máa ń fẹ̀ tó bá gbóná, á sì jìnnà sí láínìn tó yẹ kó fún un mú. Ẹ yan eré tí ẹ kò ní kọjá. Tí ẹ bá dé e, ẹ tẹ bíréèkì ẹsẹ̀ gírígírí títí eré á fi dín ní nǹkan bíi kìlómítà 8 ní wákàtí, kí ẹ tú u sílẹ̀ pátápátá. Bó bá ń rùn, ẹ wá ibi tó tẹ́jú páàkì, kó tutù fúnra rẹ̀. Omi tútù lè la dúrọ́ọ̀mù.

Tí òjò bá ń rọ̀, pàápàá tí tírélà bá ṣófo, ẹ pa bíréèkì ẹ́ńjìnnì. Táyà tí ẹ́ńjìnnì ń yí nìkan ló ń dì mú. Bí wọ́n bá yọ̀, tírélà á ti orí ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, á sì ṣẹ́ po mọ́ ọn.