Máńgòrò mi ga gbọọrọ, kò pẹ̀ka: ṣé kí n gé orí ẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Máńgòrò grafted (èyí tí wọ́n lẹ ẹ̀ka máńgòrò tó dáa mọ́ ìdí máńgòrò mìíràn) tí mo gbìn sẹ́yìnkùlé n'Íbàdàn lọ́dún tó kọjá ti ga jù mí lọ, ọ̀pá kan ṣoṣo ni, kò lẹ́ka kankan. Bàbá lánlọ́ọ̀dù wa ní mi ò gbọdọ̀ gé e, pé téèyàn bá ti gé orí igi, ó ti pa á nìyẹn. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o, kò ní kú. Ẹ bá mi ṣàlàyé fún bàbá jẹ́jẹ́, torí gígé yẹn gan-an ni igi yín ń fẹ́. Ṣóńṣó orí ẹ̀ tó ń dàgbà yẹn ni kò jẹ́ kí àwọn ojú tó wà lára ọ̀pá nísàlẹ̀ rú, tẹ́ ẹ bá ti mú un kúrò, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ẹ máa rí ẹ̀ka tuntun.

Ibi tẹ́ ẹ ti máa gé e ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ sún mọ́ ọn kẹ́ ẹ wò ó dáadáa, ẹ máa rí i pé ewé ẹ̀ kò tò bákan náà, ó níbi tí wọ́n ti ṣùpọ̀ yí ọ̀pá ká bí òrùka, ibòmíì á wá gbọọrọ, ewé ò sí níbẹ̀. Ẹ má gé e lókè òrùka yẹn o, gbogbo ẹ̀ka ló máa rú lójú kan náà, wọ́n á há mọ́ra wọn, lọ́jọ́ téso bá wúwo tí ìjì sì jà, ṣe ni wọ́n máa fàya. Abẹ́ òrùka ni kẹ́ ẹ ti gé e, níbi tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 3 sílẹ̀.

Tó bá rú, ẹ mú ẹ̀ka 3 tàbí 4 tó kọjú síbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kẹ́ ẹ já ìyókù. Èyí tó bá fẹ́ dúró ṣánṣán, ẹ fi àkísà fà á wálẹ̀ díẹ̀ mọ́ èèkàn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má lo wáyà, mo ti rí igi tí wáyà wọ̀ lára tó sì ṣẹ́ níbẹ̀. Ohunkóhun tó bá rú nísàlẹ̀ ojú ibi tí wọ́n ti graft ẹ̀, ẹ yọ ọ́ kíá, kì í ṣe máńgòrò tẹ́ ẹ fowó rà nìyẹn.

Àsìkò òjò yìí dáa fún un. Àmọ́ tó bá ti ń so, gbàrà tẹ́ ẹ bá ká èso tán ni kẹ́ ẹ máa gé e, torí ẹnu ẹ̀ka tó ti gbó ló ń tanná nígbà ọyẹ́, ẹ̀ka tútù kì í sáábà tanná. Ayùn kékeré ni kẹ́ ẹ lò, àdá á ya igi yẹn. Oje ẹ̀ máa ń jó ara, tó bá ta sí yín lára, ẹ tètè fi ọṣẹ fọ̀ ọ́.