Ṣé kí n san owó kọ́ọ̀sì ọlọ́jọ́ méjì lórí eyín ọmọdé?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán o mà. Dókítà eyín ni mí, mo ní kílíníìkì kékeré kan ní ọ̀nà Mọ́níyà níbí. Àwọn àgbàlagbà ò yọ mí lẹ́nu, ọmọdé ló ń dẹ́rù bà mí. Tí wọ́n bá ti gbé ọmọ ọdún mẹ́ta mẹ́rin tó ń ké wá, àfi kí n kọ lẹ́tà pé kí wọ́n máa gbé e lọ UCH, ọsibítù ńlá n'Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì í sì í débẹ̀. Mo wá rí fláyà kọ́ọ̀sì ọlọ́jọ́ méjì kan lórí WhatsApp, wọ́n ní hands-on ni, pé ọwọ́ wa la máa fi ṣe é, wọ́n á fún wa ní sátífíkéètì, àmọ́ owó ẹ̀ ti pọ̀ jù. Ṣé kí n lọ? Kí ló yẹ kí ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n ṣe tí mo bá fi máa jáde níbẹ̀?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ o. Eyín ọmọdé ni mò ń ṣe lójoojúmọ́ n'Ìbàdàn yìí, mo sì máa ń bá wọn kọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, torí ẹ̀ mi ò ní fi epo bọyọ̀ fún ẹ. Lọ, tó bá jẹ́ pé ọmọ gidi ló máa jókòó síwájú ẹ, tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á sì dúró tì ẹ́. Tó bá jẹ́ gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì àti sílaìdì láti àárọ̀ dalẹ́, tí wọ́n á wá máa gbé eyín rọ́bà kan ṣoṣo kiri tábìlì fún 40 èèyàn, fi owó ẹ ṣe nǹkan míì jàre. Hands-on ni wọ́n kọ sórí fláyà, ọwọ́ ta ló máa kan nǹkan, wọn ò kọ ìyẹn síbẹ̀.

Kó o tó san kọ́bọ̀, pe nọ́ńbà tó wà lórí fláyà yẹn, bi wọ́n pé èèyàn mélòó ló máa wà lọ́dọ̀ olùkọ́ kan, ṣé àwọn ọmọ máa wà níbẹ̀ tí òbí wọn ti fọwọ́ sí i, ṣé MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń fún àwa dókítà ní lísẹ́ǹsì, mọ̀ sí kọ́ọ̀sì náà kó lè kà fún CPD, ìyẹn máàkì ẹ̀kọ́ àfikún tó o fi ń gba lísẹ́ǹsì ọdọọdún. Tí wọ́n bá ti ń ṣe wọ́yọ́wọ́yọ́, o ti gbọ́ ìdáhùn ẹ. Sátífíkéètì ọjọ́ méjì ò sì sọ èèyàn di kọ̀ǹsọ́táǹtì eyín ọmọdé o, residency, ìyẹn ẹ̀kọ́ṣẹ́ àwọn dókítà tó fẹ́ di ọ̀gá, ló ń ṣe ìyẹn, lọ́dọ̀ National Postgraduate Medical College tàbí West African College of Surgeons, ọdún gbọọrọ ni. Ohun tí kọ́ọ̀sì kúkurú lè fún ẹ ni nǹkan mẹ́rin márùn-ún tí wàá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní Mọ́ńdè tó tẹ̀lé e.

Èyí tó ṣe kókó jù, táwọn kọ́ọ̀sì sì máa ń sáré kọjá ẹ̀, ni bí ọmọ ṣe máa lanu. Ọmọ tó bá fi máa dé ọ̀dọ̀ ẹ, wọ́n ti fi dókítà dẹ́rù bà á nílé, "tó ò bá jẹun màá ní kí dókítà gún ẹ lábẹ́rẹ́", ìwọ tó ò tíì fọwọ́ kàn án rí ti di egúngún lójú ẹ̀. Tell-show-do làwọn olùkọ́ ń pe ọ̀nà àbáyọ ẹ̀, láti 1959 ni Addelston ti kọ ọ́ sílẹ̀: sọ fún un, fi hàn án, kó o tó wá ṣe é. Ó rọrùn lórí sílaìdì. Níwájú ọmọ tó ń fẹsẹ̀ ta ìyá ẹ̀, ahọ́n ẹ á lọ́. Torí náà ní kí olùkọ́ jẹ́ kó o ṣe é sókè, lédè Yorùbá, torí Òyìnbó ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo àpẹẹrẹ wọn, ọmọ tó ti Ọjà'ba wá ò sì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní "sleepy water", ìyẹn oògùn abẹ́rẹ́ tó ń mú ẹnu kú. Èmi máa ń ní kó jẹ́ ká jọ ka eyín ẹ̀ bóyá wọ́n pé. Màá fi dígí kékeré yẹn kan èékánná ẹ̀ ná kó tó kan eyín. Omi tó ń fọ́n, ọwọ́ ẹ̀ ni màá kọ́kọ́ fọ́n ọn sí, á rẹ́rìn-ín, nígbà míì wàhálà ti tán nìyẹn. Àmọ́ má parọ́ fún un o, tó bá máa dùn ún díẹ̀, sọ pé á dùn ún díẹ̀, torí tó o bá tàn án lẹ́ẹ̀kan, kò tún ní lanu fún ẹ mọ́.

Èyí tí ò tíì pé ọdún mẹ́ta, má wulẹ̀ gbé e sórí àga eyín. Ìwọ àti ìyá ẹ̀ ni kẹ́ ẹ jókòó kojú síra yín kí orúnkún yín kan ara wọn, kí ọmọ kọjú sí ìyá ẹ̀, kó la ẹsẹ̀ mọ́ ọn níbàdí, kẹ́ ẹ wá rọra dá a padà sẹ́yìn kí orí ẹ̀ wà lórí itan tìẹ. Ìyá ló máa di ọwọ́ ẹ̀ mú, á fi ìgbọ̀nwọ́ ti ẹsẹ̀ ẹ̀. Tó bá ń ké, jẹ́ kó máa ké, ẹni tó ń ké ti lanu fún ẹ náà nìyẹn. O lè fi ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ kọ́ èyí nílé láìsan owó fẹ́nì kankan.

Nínú iṣẹ́ ọwọ́ fúnra ẹ̀, tó bá jẹ́ èmi, mi ò ní bẹ̀rẹ̀ láti ibi dríìlì. Wo bí iná NEPA ṣe rí, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ lórí jẹnẹrétọ̀, ọmọ ń sunkún, ìyá ń làágùn. Kọ́kọ́ kọ́ ART, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Tanzania láàárín àwọn ọdún 1980 torí ibi tí iná ò sí, ọwọ́ lásán ni wàá fi ha ibi tó ti rọ̀ kúrò, wàá sì fi glass ionomer, sìmẹ́ǹtì tí a fi ń dí eyín, dí i. Lẹ́yìn ẹ̀ ni silver diamine fluoride 38%, oògùn olómi tí wọ́n ń kùn sí eyín tó jẹrà. Òun àti glass ionomer ti wà nínú àkójọ oògùn tó pọn dandan tí WHO gbé jáde ní 2021. Bí wọ́n ṣe ń kùn ún ò le: fi Vaseline pa ètè àti èrìgì, gbẹ eyín náà dáadáa, fi microbrush, búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín yẹn, kan ẹ̀kán bíńtín sí i, dúró bí ìṣẹ́jú kan. Ó máa ń dá eyín tó ń jẹrà dúró, ṣùgbọ́n ibi tó ti jẹrà yẹn á dúdú kirikiri, kò sì ní funfun mọ́, ibi tí ẹjọ́ wà gan-an nìyẹn. Ìyá lè gbà, kí ìyá àgbà dé láti Ìṣẹ́yìn lọ́jọ́ kejì kó bèèrè ẹni tó kun èédú sí ọmọ òun lẹ́nu. Fọ́tò ni kó o fi hàn wọ́n kó o tó ṣí ìgò, kí wọ́n sì buwọ́ lùwé. Ní kí olùkọ́ ṣe ìyá oníjàgídíjàgan fún ẹ nínú kọ́ọ̀sì, mi ò ṣe yẹ̀yẹ́ o, ó wúlò ju kíkùn ẹ̀ lọ.

Hall technique ni mo fẹ́ràn jù fún eyín ẹ̀yìn. Norna Hall, dókítà eyín kan ní Scotland, ni wọ́n fi sọ orúkọ ẹ̀. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí dríìlì. Wàá ki separator, rọ́bà róbótó kékeré kan, sáàárín eyín, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún wàá yọ ọ́, wàá wá kíráùn irin, ìbòrí eyín, tó bá a mu, kó glass ionomer sínú ẹ̀, tẹ̀ ẹ́ wọlé, ní kí ọmọ gé e mọ́lẹ̀. Ó ti sé kòkòrò mọ́bẹ̀, ebi ló máa pa wọ́n. Kí ọmọ jókòó nàró o, kí gọ́ọ̀sì wà lẹ́yìn ahọ́n, torí kíráùn tó bá yọ̀ lọ́wọ́ ẹ lè gba ọ̀nà ọ̀fun lọ. Eyín ẹ̀ ò sì ní pàdé dáadáa fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó tó bọ̀ sípò, sọ fún ìyá kó tó kúrò níwájú ẹ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á máa pè ẹ́ lóru. Èyí sì ni kọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kó o fọwọ́ ara ẹ ṣe, torí bí kíráùn ṣe ń wọlé, ìka ló ń mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n eyín tó ń dun ọmọ lóru, tàbí tí èrìgì ẹ̀ ti wú, kò sí nínú ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí o. Ìjẹrà ti wọ iṣan inú ẹ̀, pulpectomy (kíkó iṣan inú eyín náà jáde) tàbí yíyọ ló kù, ìyẹn sì gba abẹ́rẹ́. Rí i pé ìwọ̀n kílò wà ní kílíníìkì ẹ. Lidocaine, oògùn inú abẹ́rẹ́ tó ń mú ẹnu kú, ò gbọ́dọ̀ kọjá 4.4 mg fún kílò kan, ọmọ kílò 15, 66 mg ni tiẹ̀, káátíríìjì 1.8 ml ti 2% kan sì ti ní 36 mg nínú, torí náà méjì ti kọjá fún un. Kílọ̀ fún ìyá pé ọmọ lè máa jẹ ètè ẹ̀ tó ti kú títí kó tó jí. Ọmọ tí ojú ẹ̀ wú tòun ti ibà, má dá a dúró, UCH ni lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹ̀ka Child Oral Health tó ń tọ́jú ẹnu ọmọdé, kó o sì gba nọ́ńbà ìyá ẹ̀ kó o pè é nírọ̀lẹ́.

Owó kọ́ọ̀sì yẹn, tó bá lè gbé ẹni méjì, mú nọ́ọ̀sì ẹ dání. Òun ló máa po sìmẹ́ǹtì, òun ló máa di orí ọmọ mú, tí ò bá sì mọ ohun tó ò ń ṣe, á pariwo "abẹ́rẹ́ dà?" létí ọmọ tó o ti fi ìdajì wákàtí bẹ̀.